Ìkéde: Èèpo Ìwé Àtijọ́ Tí A Ń Kó Jọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a kí yín o. Bí ẹ bá fẹ́ fi èèpo ìwé ìtàn iwin tàbí àròsọ sáyẹ́ǹsì àtijọ́ kún àkójọ wa, ẹ jọ̀ọ́, 600 dpi (iye àmì tó wà nínú ínǹṣì kan àwòrán) ni kí ẹ fi sikánà yà á, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí TIFF, oríṣi fáìlì àwòrán kan. Ẹ̀kán tàdáwà wínníwínní ló para pọ̀ di àwọ̀ lára èèpo wọ̀nyẹn. Ní 150 dpi, ìlà bí ìgbì omi á bo ojú òfuurufú tí Chris Foss, ayàwòrán èèpo ìwé àròsọ sáyẹ́ǹsì, fi airbrush (ohun èlò tó ń fọ́n ọ̀dà) kùn jọ̀lọ̀. Ó máa ń dunni gan-an. Ẹ má tẹ ìwé náà mọ́lẹ̀ tipátipá: gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ, á sán, ewé á sì já. Ọ̀rá Mylar (ọ̀rá polyester) ni kí ẹ fi wé e, torí PVC, oríṣi ọ̀rá mìíràn, máa ń lẹ̀ mọ́ tàdáwà.