Ta ló ní kí àgbàlagbà tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ máa gba abẹ́rẹ́ àtọ̀sí kiri?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ìbínú ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni dókítà kan ní Kútọnu sọ fún ìdílé wa pé jẹjẹrẹ ló wà nínú àpò ìtọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àgbẹ̀ ní ìgbèríko Ṣábẹ̀, àti pé ó ti wọ inú iṣan ara àpò náà. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ ẹ̀jẹ̀. Wọn kò fi pa mọ́ rárá. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ni wọ́n ń gún fún wọn lálọ àtibọ̀, láìsí ẹni tó gba ìtọ̀ wọn yẹ̀wò. Wọ́n tilẹ̀ ní kí wọ́n mú ìyàwó wọn wá gba tirẹ̀. Àgbàlagbà tó ti rí ọmọ-ọmọ ni wọ́n fi irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kàn.

Ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ yìí ń mú wá kì í sábà mú ìrora dání, ibẹ̀ ló sì ti ń tan ènìyàn jẹ. Ìtọ̀ lè pọ́n lónìí bí omi tí a fi ṣan ẹran, kí ó tún mọ́ gaara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí aláìsàn sì gbà pé abẹ́rẹ́ tàbí àgbo ló ṣiṣẹ́. Nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́kọ́ mọ́, iṣu ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì láti fi dúpẹ́. Àwọn obìnrin ní ìṣòro tiwọn, nítorí pé kíákíá ni a ó ti sọ pé nǹkan oṣù ni.

Àwa ará Ṣábẹ̀ Ọ̀pàrà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Inú odò ni a ti ń wẹ̀, tí a ti ń fọṣọ, tí a ti ń pẹja. Kòkòrò àtọ̀sí ajá (bilharzia, tó yàtọ̀ sí àtọ̀sí tí a ń kó nípa ìbálòpọ̀) ń jáde láti ara ìṣáwùrú sínú omi, ó ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń lọ gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká. Ẹyin rẹ̀ tó bá há sára àpò náà ni yóò máa dá egbò sí i fún ọdún púpọ̀. Láti ọdún 1994 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Síbẹ̀, bí ọmọkùnrin bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, a ó ní ó ń di géńdé. Wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní praziquantel, oògùn àtọ̀sí ajá, nílé ẹ̀kọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa fún àwọn àgbàlagbà náà níbi tí àrùn yìí ti gbilẹ̀. Sìgá náà wà níbẹ̀: ní àgbáyé, òun ló ń fa nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Àwọn tó wà nídìí ètò ìlera mọ gbogbo èyí. Wọ́n mọ̀ pé bí àrùn náà bá ṣì wà lára awọ inú àpò ìtọ̀ nìkan, irinṣẹ́ tí a ń gba ojú ìtọ̀ wọlé lè gé e kúrò láìla ikùn, àti pé nígbà mìíràn wọ́n tún máa ń da BCG, àjẹsára tí a ń fún ọmọ tuntun, sínú àpò náà kí ó má baà padà. Bí ó bá ti wọ iṣan, gbogbo àpò ìtọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yọ. Ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ṣòfò lára èèyàn mi.

Ohun tí mo ń bèèrè kò tóbi. Pépà ìdánwò ìtọ̀ wà, ọ̀já tín-ín-rín tí a ń tì bọ inú ìtọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà ní ìṣẹ́jú kan sí méjì bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, àní èyí tí ojú kò lè rí. Kò nílò iná mànàmáná, kò sì nílò dókítà. Kí ó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ìgbèríko, kí a sì lẹ òfin kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ àtọ̀sí nítorí ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé a ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Òótọ́ ni pé pépà náà kò lè sọ pé jẹjẹrẹ ni. Kòkòrò àrùn lásán tàbí òkúta inú kíndìnrín tàbí àpò ìtọ̀ lè fa ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n wo ẹyin àtọ̀sí ajá nínú ìtọ̀ náà, kí wọ́n tọ́jú ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n sì tún un yẹ̀wò lẹ́yìn ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tó fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ láìsí ìrora, kí wọ́n kọ ìwé fún un láti lọ bá dókítà àpò ìtọ̀, kí ó lọ ṣe ẹkográfì (àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán inú ara), kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú àpò náà, ì báà jẹ́ pé ìtọ̀ ti mọ́ kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Kí rédíò ìbílẹ̀ máa sọ ọ́ ní èdè wa. Kí a gbẹ́ kànga tó mọ́ fún àwọn abúlé etí odò.

Mo fẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn dáhùn nínú ìwé ìròyìn yín: nínú gbogbo ilé ìwòsàn ìgbèríko tó wà ní Ṣábẹ̀, èwo ni pépà ìdánwò ìtọ̀ wà lónìí?

Olùkọ́ àfẹ̀yìntì kan,
Ṣábẹ̀