Lẹ́tà sí Àbíkẹ́ lórí yíyan orí-ọ̀rọ̀ fún àròkọ alálàyé

Ebúté-Mẹ́ta,
Èkó.

Àbíkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ láná, mo sì dúpẹ́ pé ara rẹ le. O ní olùkọ́ yín ní kí ẹ fúnra yín yan orí-ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi kọ àròkọ alálàyé, àti pé mẹ́ta ni o rò títí tí o kò mọ èyí tí ìwọ ìbá mú. Mo ti yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

"Ìlú Èkó" tóbi jù. Ojú ìwé méjì ni wọ́n fún yín. Kìkì orúkọ àdúgbò láti Ìdúmọ̀tà dé Mushin ti tó láti kún un. "Ó yẹ kí ìjọba fòfin de ọ̀kadà" kì í ṣe àlàyé rárá, àríyànjiyàn ni, nítorí pé o ti gbè sẹ́yìn apá kan kí o tó bẹ̀rẹ̀. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ẹ̀yọ̀" dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ìtàn ni yóò dà mọ́ ọ lọ́wọ́, àyàfi bí o bá yí i padà sí ìdí tí a kì í fi í wọ bàtà tàbí di ṣùkú níwájú Ẹ̀yọ̀.

Nígbà tí èmi náà wà ní kíláàsì yín, epo rọ̀bì ni mo mú, torí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo mọ̀ pé Olóíbírì ni wọ́n ti rí i ní ọdún 1956. Lẹ́yìn ìlà yẹn, ọ̀rọ̀ tán nínú mi, mo bá ṣí ìwé ìròyìn bàbá mi, mo ń dà á kọ. Olùkọ́ fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn kan, ó ní kí n sọ ohun tí ó túmọ̀ sí, n kò sì rí nǹkan kan sọ lójú gbogbo kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé orí-ọ̀rọ̀ tí ó bá yẹ ènìyàn ni èyí tí ọmọ kékeré lè jókòó tì í, kí ó máa bi í nípa rẹ̀ pé "báwo?" àti "kí ló dé?", kí ẹni náà sì máa dá a lóhùn láì ṣíwèé.

Kí ló dé tí o kò mú frẹ́jọ̀n? O ti rí màmá àgbà rẹ ní Pópó Àgùdà tí wọ́n ń se ẹ̀wà títí tí ìka méjì fi lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sẹ́ ẹ, tí wọ́n fún omi àgbọn sí i, tí wọ́n sì ń fi omorogùn rò ó kí ó má baà jó nídìí. (Ìwọ náà ni o jó ti èṣí, n kò gbàgbé.) Ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀. Ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, nítorí pé àwọn Àgùdà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Potogí, níbi tí feijão ti jẹ́ ẹ̀wà. Àwọn tí wọ́n padà dé láti Bràsíl ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbé e wá, àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá, dì ní Bàhíà ní ọdún 1835.

Síbẹ̀, frẹ́jọ̀n nìkan ṣì fẹ̀ díẹ̀. Bí o bá kó sísè rẹ̀ àti bí ó ṣe dé Èkó pọ̀, ìwé yóò tán kí o tó dé ibi tó dùn. Èmi ìbá kọ "Ìdí tí wọ́n fi ń jẹ frẹ́jọ̀n ní Pópó Àgùdà ní Ọjọ́ Ẹtì Rere", kí sísè má gbà ju ìpínrọ̀ kan lọ.

Bí wọn kò ti jẹ́ kí ẹ ní fóònù ní ilé ẹ̀kọ́ yín, kọ ìbéèrè márùn-ún ránṣẹ́ sí mi kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Màá kà á sí màmá àgbà létí, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ràn dáadáa mọ́, màá sì kọ èsì wọn bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an. Yóò wà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ àbẹ̀wò, pẹ̀lú gààrí rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ.