Ẹ gbé síláìdì náà lé orí ìwé ìròyìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ lẹ́tà yìí jáde fún àwọn ọmọ IT (akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́) tó ń wọ láàbù ìwádìí ìṣègùn ní Ṣàgámù, Ìlíṣàn àti Àgọ́-Ìwòyè, àti fún àwọn ọ̀gá tó ń gbà wọ́n. Ẹ̀rọ PCR, tó ń sọ DNA di púpọ̀, ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà máa ń bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgò láti fọ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá ń kó fún wọn. Síláìdì ibà, gíláàsì pẹlẹbẹ tí a ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí láti fi wá kòkòrò ibà, ló yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, torí kò wọ́n, àṣìṣe tó sì lè ba ìwádìí ńlá jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé sórí rẹ̀ tán.

Orí síláìdì kan náà la ti ń tẹ́ ẹ̀jẹ̀ méjì, èyí tó ki àti èyí tó fẹ́lẹ́: ẹ̀jẹ̀ microlitre 6 (microlitre 1,000 ló wà nínú mílílítà kan) fún èyí tó ki, 2 fún èyí tó fẹ́lẹ́. Pípẹ́ẹ̀tì, ohun èlò tí a fi ń fa omi díẹ̀díẹ̀, la fi ń wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ọmọ tuntun ti ń kọ́kọ́ ṣì. Bọ́tìnì rẹ̀ ní ibi ìdúró méjì. Àkọ́kọ́ la ń tẹ̀ ẹ́ dé ká tó ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dé ìkejì yóò fa ju iye tó fẹ́ lọ. Ẹni tó bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ á bá a wọlé, ẹ̀jẹ̀ á dín.

Igun síláìdì mìíràn la fi ń ro èyí tó ki ká títí yóò fi fẹ̀ tó mílímítà 12. Kó tó gbẹ, ẹ gbé e lé orí ìwé ìròyìn yìí. Bó bá jẹ́ agbára káká lẹ fi rí lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ kà, ó dára. Bí lẹ́tà bá hàn kedere, ó fẹ́lẹ́ jù. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ó ki jù, yóò sì ṣí kúrò nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. (Olóòtú, iṣẹ́ yín wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ.)

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja kó gbẹ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì bò ó, torí aáyán àti eṣinṣin máa ń jẹ ẹ̀jẹ̀ orí síláìdì. Lásìkò òjò kì í tètè gbẹ, nígbà yẹn sì ni ọmọ tó ń kánjú máa ń gbé e sún mọ́ iná. Iná á mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa le, wọn ò sì ní tú mọ́ bí wọ́n bá kan omi. Bẹ́ẹ̀, títú wọn la fẹ́, kí kòkòrò ibà lè hàn láàárín sẹ́ẹ̀lì funfun. Ìdí nìyẹn tí ọtí methanol, tó ń mú sẹ́ẹ̀lì le bíi ti iná, fi jẹ́ ti èyí tó fẹ́lẹ́ nìkan. Bó bá ṣàn dé ara èyí tó ki, iṣẹ́ ti bàjẹ́.

Giemsa, aró tí a fi ń pa kòkòrò láró kó lè hàn, wá ni olórí ọ̀ràn. Mílílítà 1 sí mílílítà 9 omi buffer (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí padà) tí pH rẹ̀, ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, jẹ́ 7.2, ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí síláìdì bá pọ̀, ẹ lo ìdá 3 nínú 100 fún ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ tàbí píọ̀ wọ́tà rọ́pò buffer. Bí pH bá lọ sílẹ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á pupa. Bó bá ga jù, á dúdú bí aró. Omi ò gbọdọ̀ kán sínú ìgò Giemsa fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe láti ẹnu pípẹ́ẹ̀tì tó tutù. Ẹ má sì da aró nù lórí síláìdì. Omi ni kí ẹ rọra fi ṣàn án kúrò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdọ̀tí orí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, ọmọ tuntun á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibà ni.

Kíkà rẹ̀ gba sùúrù. À ń ka kòkòrò títí sẹ́ẹ̀lì funfun yóò fi pé 200, a ó wá fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀, torí 8,000 sẹ́ẹ̀lì funfun la fi ṣe ìṣirò nínú microlitre kan. Ẹni tí a bá mọ iye tirẹ̀ gan-an, ẹ lo ìyẹn. Bí kòkòrò ò bá tó 100, ẹ kà á dé 500, kí ẹ sì lo 16. Ẹ má kọ ọ́ pé kò sí ibà láìwo ojú ibi 100 lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó kéré tán. Ẹni méjì ló ń kà á, ẹnìkan ò sì gbọdọ̀ mọ iye ti ẹnì kejì. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdá 25 nínú 100 lọ, ẹni kẹta á kà á. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fẹ́ yọjú wo iye ọ̀gá wọn. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀gá, síláìdì tó bàjẹ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ ohun tó bà á jẹ́ sí etí rẹ̀, kí ẹ sì tò ó sínú àpótí fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ láàbù kan,
Ṣàgámù