Lẹ́tà sí Ìyá Àgbà mi tó kọ́ ìka mi níṣẹ́

Ìyá Àgbà mi,

Wọ́n ti ní ká wá kó ẹrù tó kù nínú yàrá yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, wọ́n fẹ́ tún un ṣe kí wọ́n lè fi gba rẹ́ǹtì. Àwọn ìkòkò aró ẹ̀yìnkùlé ti fọ́ tipẹ́, ẹ má bínú. Náílọ̀n kan ló kàn mí: ikó tẹ́ ẹ fi ń di àdìrẹ tó ti gbẹ, ìyẹ́ adìyẹ tẹ́ ẹ fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àti aṣọ funfun kan tẹ́ ẹ di ìdajì ẹ̀ tẹ́ ò dì tán. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àǹtí ọmọ mi nílé-ìwé kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ ò le, kò lè di pẹ́ńsùlù mú dáadáa, kò lè fi sísọ́ọ̀sì gé bébà, àti pé òsì ló ń lò, kí n bá wọn kìlọ̀ fún un nílé. Ọmọ ọdún mẹ́rin o, Ìyá Àgbà.

Ó dùn mí wọra. Ọmọ èmi tẹ́ ẹ tọ́, òun ni wọ́n ń sọ pé ọwọ́ ẹ̀ ò le.

Ṣé ẹnì kan ń jókòó lásán nílé yín ni? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ se ewédú, àárín wa lẹ máa dà á sí ká máa já a, ewé nìkan lẹ fẹ́ rí, ẹ ò fẹ́ rí igi ẹ̀. Ọmọ tó ṣì ń ti gbogbo nǹkan bọ ẹnu, ẹ ò ní jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà, ẹ ní á há a lọ́fun tàbí kó kì í bọ imú, ẹ̀kọ tútù lẹ máa gé wẹ́wẹ́ síwájú tiẹ̀, kó máa fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ṣà á jẹ. Àwa tá a ti dàgbà díẹ̀ la máa ń bó ẹ̀gúsí, la máa ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Tá a bá ṣe tán ẹ ó ní ká lọ ṣeré, eré yẹn náà, ìka ló ń ṣe é: à ń fi amọ̀ etí odò mọ ìkòkò tòun tọmọrí ẹ̀, à ń tu koríko tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ká lè fi gbòǹgbò ẹ̀ kọ́ irun dídì. Tá a bá sì ń ta ayò, ẹ kì í gbà kí n da ọmọ ayò sílẹ̀ gbọgbọ. Ojú 12 lórí ọpọ́n, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 48, ẹ ní kí n máa fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ìka mi mọ ìgbà tó yẹ kó jọ̀wọ́ ọ̀kan kó di ìyókù mú.

Àdìrẹ wá ni ọ̀gá gbogbo ẹ̀. Ọmọ tí ò tíì mọ̀ ọ́n dì, ẹ ó ní kó máa tú. Aṣọ á ti jáde nínú aró, á ti gbẹ, a ó máa tú ikó yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀ ká má bàa fa aṣọ ya, òbìrìkìtì funfun á máa yọ, a ó pariwo. Ó bá yá ẹ ó fún wa ní àkísà àti òkúta wẹ́wẹ́, ká máa dì í mọ́nú ẹ̀, ká yí ikó po ká fà á kó le, ẹ̀yin náà á wá fà á wò, tó bá tú ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ká tún un dì. Ẹ ní sùúrù, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ yín.

Kọ́sítọ́mà mi kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé, ó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ayétòrò lọ́jọ́ tí mo gba ìwé yẹn, mo fi hàn án. Ó ní eegun mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́, àmọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ kò tíì sí ọ̀kan tó di eegun níbẹ̀, kerekere ni gbogbo ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń le, èyí tó máa gbẹ̀yìn lè má yọ tí ọmọ ò bá tíì tó ọdún mẹ́jọ, nígbà mìíràn á tó méjìlá. Ó ní láti bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan lọmọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orí ìka méjì mú nǹkan, tó bá tó ọdún mẹ́ta á lè wo òbìrìkìtì kó sì yà á, tó bá tó mẹ́rin á lè ya àgbélébùú, onígun mẹ́rin á tẹ̀lé e, onígun mẹ́ta tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ilé-ìwé wa wá ń fipá gba K àti X lọ́wọ́ ọmọ ọdún méjì, ìlà tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́wọ́ ẹ̀ ò tíì mọ̀! Ó ní kí n jẹ́ kó máa ṣeré tó ń lo ìka, kó máa fún nǹkan, kó máa já nǹkan, kó máa so nǹkan. Mo ń gbọ́ ọ, ẹ̀yin ni mò ń rí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ di ọwọ́ mi fi ń dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọdún Ọ̀ṣun ni, inú oṣù kẹjọ, àlejò kún ilé. Ìyá kan tó wá láti Ìbàdàn ní kí n bu omi fún òun, òsì ni mo fi gbé ife fún wọn. Ojú yín yí padà. Wọ́n lọ tán, ẹ mú ikó, ikó tẹ́ ẹ fi ń kọ́ mi níṣẹ́ yẹn náà, ẹ fi di ọrùn ọwọ́ òsì mi, ẹ so ó mọ́ ìró tí mo ró, ẹ ní ó dìgbà tí ọ̀tún bá gbọ́n. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Àwọn yòókù ń tú aṣọ, wọ́n ń pariwo, èmi ò lè tú nǹkan kan torí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tú lẹ dì. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́ ẹ tú u, ojú ikó ti wọ̀ mí lára, ẹ fi òrí pa á, ẹ fún mi lórí ẹja, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ mọ́, ẹ tún dì í. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí mo fi wọ pámárì.

N ò sọ pé ẹ ò fẹ́ràn mi o. Mo mọ̀ pé a kì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan, ọmọ tèmi náà mọ̀ ọ́n, ọ̀tún ló fi ń gba nǹkan, ọ̀tún ló fi ń jẹun. Àmọ́ ìkíni lọ̀tọ̀, pẹ́ńsùlù lọ̀tọ̀. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bí ẹnì kan ló ń lo òsì, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè jókòó ti ọmọ tó ń já ikó láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò bínú, kí ló dé tẹ́ ò rí sùúrù díẹ̀ fún òsì mi?

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ ṣe yín, ọ̀tún ló mú. Mo wọlé bá yín, òsì lẹ fi ń mu ògì, ṣíbí ń gbọ̀n, ó ń dà sí yín láyà. Ìbéèrè yẹn dé ẹnu mi. Ẹ wò mí, mo wò yín, ẹ gbójú kúrò. Ṣé ẹ rántí ni? Ṣé ẹ̀ ń retí kí n bi yín ni, àbí ẹ̀rù ń bà yín pé màá bi yín? Mo gba ṣíbí, mo fún yín mu títí ó fi tán, mo sì lọ sílé. Títí ẹ fi lọ n ò bi yín.

Báyìí, ìyá ọkọ mi ní kí n máa fi ata ra ọwọ́ òsì ọmọ náà. Bàbá ẹ̀ wà l'Ékòó, ó ní kí n ṣe ohun tí àǹtí wí, pé àwọn ló kàwé. Iná ò dúró, òwú ti gbówó lórí, mo ṣì jẹ ilé-ìwé yẹn lówó sáà yìí, n ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúró níwájú wọn kí n máa bá wọn jiyàn. Àmọ́ mo wo sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fún un. Aránṣọ ni mí, mo mọ sísọ́ọ̀sì. Ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni: tí ọ̀tún bá tẹ̀ ẹ́, ojú méjèèjì á fún mọ́ra wọn, tí òsì bá tẹ̀ ẹ́ wọ́n á ya, bébà á kàn ká sáàárín ni, kò ní gé. Wọ́n ń ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì, mo ti wá a dé Ọjà Ọba, mo dé Ìgbọ̀nà, n ò tíì rí i.

Lẹ́yìn ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ mi ló ń wà ní ṣọ́ọ̀bù. N ò gbé fóònù fún un mọ́. Ó ń ṣa bọ́tìnì sínú ife, aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí tiẹ̀, ó ń fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ àwọn aṣọ wẹ́wẹ́ tí mo gé kù sórí okùn, ó ń fún kànrìnkànrìn, ó ń já ewédú alẹ́. Òsì ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, ó sì yá ju bí mo ṣe yá nígbà tèmi lọ. Mo ń dẹ ìwé ẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, mo ń ní kó di pẹ́ńsùlù mú lókè díẹ̀ kó lè rí ohun tó ń kọ, lẹ́tà O tó ń kọ ti ń pàdé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè màá lọ bá àǹtí yẹn. Màá mú sísọ́ọ̀sì iṣẹ́ mi dání, màá ní kó fi òsì tiẹ̀ gé bébà kí n rí i. Tí wọ́n bá ní kí n san gbèsè kí n tó sọ̀rọ̀, màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ yín