Gbèsè Tí Ire Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Ń Jẹ Ẹnì Kan

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ tinú mi lórí gbólóhùn kan tí a máa ń gbọ́ ní Ìbàdàn nígbàkúùgbà tí ìjọba bá fẹ́ wó ilé tó wà létí odò, tàbí èyí tó bọ́ sójú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ là: pé ire ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣáájú. Mi ò sọ pé irọ́ ni gbólóhùn náà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bí a bá ti sọ ọ́ tán, a máa ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé a kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó gbé èrò yìí kalẹ̀ kì í ṣe òǹrorò ènìyàn. Jeremy Bentham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ayé láti 1748 sí 1832, ni òpó pàtàkì ẹ̀kọ́ náà. Ó ní ayọ̀ àti ìrora tí ìwà kan bá mú wá ni kí a fi díwọ̀n rẹ̀, kí a sì yan èyí tí yóò ṣe gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn láǹfààní jù lọ. Nínú ìṣirò yìí, ìrora tálákà kò kéré sí ìrora ọlọ́rọ̀. Láyé ìgbà tí àwọn ọlọ́lá ń ṣòfin bó ṣe wù wọ́n, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹni tó bá sì rántí omíyalé odò Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó gba ẹ̀mí tó ju 100 lọ nílùú yìí, kò ní fojú kéré kíka iye ẹ̀mí. Nígbà tí ilé àti pàǹtí bá dí ojú odò, omi tí kò rí ọ̀nà lọ yóò yà sínú ilé àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, ọmọ ìlú Königsberg, kọ ọ́ ní 1785 pé a kò gbọdọ̀ sọ ènìyàn, ìbáà ṣe ara wa tàbí ẹlòmíràn, di irinṣẹ́ lásán fún ète kankan, bó ti wù kí ète náà dára tó. Ó tún ní kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ bóyá ìlànà tí òun fẹ́ tẹ̀ lé ṣeé sọ di òfin fún gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà wa sún mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ní bí a bá gé igi nígbó, kí a fọ̀ràn ro ara ẹni wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwe náà ń rán wa létí ìrora ẹni tí à ń gé, tí Kant sì ń wo òfin tó máa de gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé ìdánwò yìí kò dá ẹni tó kọ́lé sójú odò sí. Bí gbogbo wa bá kọ́lé síbi tó wù wá, odò kankan kò ní rí ibi gbà ní Ìbàdàn. Bákan náà ni kò dá aláṣẹ sí, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa fẹ́ kí katapílà dé sí ilé tirẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀.

Philippa Foot, obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ibi tí ìyàtọ̀ wà hàn ní 1967. Ó ní bí oògùn kan bá wà tí aláìsàn kan nílò gbogbo rẹ̀, tí àwọn márùn-ún mìíràn sì nílò ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò fún àwọn márùn-ún, ọkàn wa kò sì ní dá wa lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa gbà kí a pa ẹnì kan kí a fi ẹ̀yà ara rẹ̀ wo àwọn márùn-ún sàn. Iye àwọn tó yè kò yí padà nínú méjèèjì. Ohun tó yí padà ni pé nínú ti àkọ́kọ́ a kò rí ohun fún ẹnì kan. Nínú ti ìkejì a gba ohun tí í ṣe tirẹ̀. Wíwó ilé tòun ti ìkejì ló jọ. Àmọ́ ilé kì í ṣe ẹ̀mí, ó ṣeé san padà, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Mi ò bá Kant dé òpin ọ̀nà rẹ̀. Ní 1797 ó tẹnu mọ́ ọn pé bí apànìyàn bá kan ilẹ̀kùn, tó bi wá bóyá ẹni tó ń lé sá sílé wa, a kò gbọdọ̀ purọ́ fún un pàápàá. Mi ò lè gba èyí, n kò sì rò pé ìyá kan wà ní Béèrè tàbí ní Ọjẹ́ tó máa gbà á. Ojúṣe tí kì í wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi ilé sílẹ̀ lójú odò títí òjò ńlá mìíràn yóò fi dé.

Ẹni tí mo rò pé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ìlú bíi tiwa mu jù lọ ni William David Ross, ará Scotland tó kọ́ni ní Oxford. Ní 1930 ó ṣàlàyé pé ojúṣe wa kì í ṣe ẹyọ kan: mímú ìlérí ṣẹ wà níbẹ̀, dídúpẹ́ oore wà níbẹ̀, àìṣèpalára wà níbẹ̀, ṣíṣe ẹlòmíràn lóore wà níbẹ̀, àtúnṣe ohun tí a bàjẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n lè forí gbárí, kí èyí tó wúwo jù borí. Ṣùgbọ́n èyí tí a borí kò kú. Bí mo bá ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ mi, tí mo sì yẹ ìlérí náà nítorí pé mo gbé ẹni tí mọ́tò gbá lọ sí ilé ìwòsàn, mo ṣe ohun tó tọ́, síbẹ̀ mo jẹ ọ̀rẹ́ mi ní nǹkan, mo sì gbọ́dọ̀ wá a lọ láti tún un ṣe. Èyí ni ẹ̀kọ́ àǹfààní ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé nínú ìṣirò tirẹ̀, bí èrè bá ti ju òfò lọ, ìwé ti pé.

Òfin wa mọ̀ nípa gbèsè yìí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ nítorí ire gbogbo gbòò, Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999, ní abala 44, sì pàṣẹ pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú láìfi falẹ̀, kí onílẹ̀ sì lè lọ sílé ẹjọ́ lórí iye tí wọ́n bù fún un. Ìṣòro náà wà nínú ohun tí òfin ń kà. Ilé ni à ń kà: iye tí yóò náni láti kọ́ irú rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti bí ilé náà ṣe gbó tó kúrò, pẹ̀lú èlé bí owó náà bá pẹ́. Nínú agboolé Ìbàdàn, níbi tí a ti sin bàbá àti bàbá àgbà sínú ọgbà, ta ló ka sàréè? Ìyá tó ti ń ta ẹ̀wà lójú títì kan náà láti ìgbà èwe rẹ̀, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ ibẹ̀, kò sí lójú ìwé kankan. Ayálégbé tí kò kọ́ ohunkóhun sórí ilẹ̀ náà yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo.

Mo mọ èsì tí àwọn ọmọlẹ́yìn John Stuart Mill, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó mú ẹ̀kọ́ Bentham tẹ̀ síwájú, máa fún mi. Wọ́n á ní ìdájọ́ òdodo fúnra rẹ̀ ń ṣe ọ̀pọ̀ láǹfààní, torí pé ìlú tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú pé ohun ìní òun kò ní lọ lásán kò lè gbèrú. Inú mi dùn pé a dé ibì kan náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sanwó nítorí àǹfààní nìkan, ẹ wo opó kan tí kò ní ẹbí nínú ìgbìmọ̀, tí kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tí igbe rẹ̀ kò ní já ẹnikẹ́ni láyà: bí wọn kò bá san tirẹ̀, ìṣirò náà lè máà mì rárá. Òun ni mo fẹ́ kí owó náà tọ́ sí, bí a kò bá tilẹ̀ rí èrè kankan nínú sísan án.

Ní ti àwọn tó kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ, mo gbà pé ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, pàápàá ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún. Síbẹ̀ àkókò àti ìkìlọ̀ tó ṣe kedere tọ́ sí wọn. Ẹni tí òṣìṣẹ́ ìjọba bu ọwọ́ lu pláànù rẹ̀ kò sí lára wọn, kò sì yẹ kí a máa pe òun náà ní arúfin.

Nítorí náà mo ń bẹ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa kí wọ́n ṣòfin pé, ṣáájú kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé orúkọ onílé, ayálégbé àti oníṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rọ̀ kàn jáde ní gbangba, pẹ̀lú iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà àti ọjọ́ tí yóò gbà á, kí owó náà sì wọlé ṣáájú katapílà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.