Lẹ́tà Ìparí Sáà Kìn-ín-ní sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Fèrèsé àti Afẹ́fẹ́ Inú Ilé

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìparí sáà. A dúpẹ́ pé ẹ fọkàn tán wa, tí ẹ ń fi àwọn ọmọ yín lé wa lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú àwọn ọ̀rọ̀ tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Ìdánwò ti parí, èsì sì wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kíláàsì. Ẹ wá gbà á fúnra yín, ẹ má rán ọmọ. Kíláàsì kẹta ló ṣe dáadáa jù nínú ìṣirò. Àwọn eléré sísá wa gba ipò kejì nínú ìdíje. Olùkọ́ orin wa ti fẹ̀yìn tì, ẹni tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù kìn-ín-ní, ni a ó wọlé padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ ọmọ sára ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fèrèsé.

Ẹ ti gbọ́ pé èémí ọmọ kan ní kíláàsì kejì há lẹ́nu ẹ̀kọ́, lọ́jọ́ kejì tí a wọlé láti ìsinmi àárín sáà. Ọmọ náà ní ásímà, ìyẹn ikọ́ fée. Olùkọ́ rẹ̀ gbé e bọ́ síta, ó fún un ní inhaler rẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ara rẹ̀ ti yá, ó ti padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tiwa. A fi fáníìṣì kun àwọn tábìlì kíláàsì náà nígbà ìsinmi, òórùn rẹ̀ kò sì tíì tán nígbà tí àwọn ọmọ wọlé. Wọ́n tún ti fèrèsé pa nítorí ariwo ọkọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, èmi ló sì yẹ kí n ní kí wọ́n ṣí yàrá náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ọmọ kankan tó jókòó níbẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ náà lójúkojú, mo sì ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. A kò tún ní fi ọ̀dà tàbí fáníìṣì kun ohunkóhun àfi nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pàṣẹ pé kí fèrèsé gbogbo kíláàsì máa wà ní ṣíṣí, tí mo sì fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sílé: kí lẹ fi ń dáná, ta ló ń mu sìgá nínú ilé, ṣé ògiri yàrá tí ọmọ ń sùn máa ń rin? Lẹ́tà tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kò kéré, inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dùn. Mo ka gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan ní òtútù yóò mú ọmọ. Kòkòrò àrùn ló ń fa ọ̀fìnkìn, inú yàrá tí a tì pa ló sì ti rọrùn jù fún un láti kúrò lára ọmọ kan bọ́ sára èkejì. Ẹ wọ ẹ̀wù tó nípọn fún wọn. Àwọn kan ní èéfín ọkọ̀ ni fèrèsé ń gbà wọlé. Òótọ́ wà nínú èyí, nítorí náà a ó máa ti àwọn tó kọjú sí títì ní àsìkò tí ọkọ̀ bá pọ̀ jù láàárọ̀, àwọn tó kọjú sí ọgbà yóò sì wà ní ṣíṣí. Ẹ̀yin náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín nígbà tí ẹ bá ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ èyí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn kò kan ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀dọ̀fóró kan náà ni ọmọ ń gbé láti ilé wá sọ́dọ̀ wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ohun ìdáná inú ilé pa ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní ọdún 2020, àwọn tó ju 237,000 nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ́kù jẹ́ àgbà tí àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀, ìdíwọ́ ẹ̀dọ̀fóró tàbí jẹjẹrẹ pa. Igi, èédú àti kẹrosíìnì wà lára ohun tó ń rú èéfín ọ̀hún.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ní ìgboro làwọn ń gbé, gáàsì làwọn fi ń dáná. Gáàsì sàn ju èédú lọ lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ náà ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan tó ń jẹ́ nitrogen dioxide sílẹ̀, èyí tó ń yọ ẹni tó ní ásímà lẹ́nu, kò sì ní ibi tó máa gbà jáde bí ilé ìdáná kò bá ní fèrèsé. Oògùn ẹ̀fọn oníkíká tí a ń dáná sí ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé eruku tíńtìntín tí ẹyọ kan ń tú sílẹ̀ tó ti sìgá 75 sí 137. Irun orí nípọn ju eruku yẹn lọ ní ìlọ́po bíi 30, ìdí nìyí tó fi ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ ràì. Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà. Ṣùgbọ́n èyí tí ń bà mí lẹ́rù jù nínú ilé ni èyí tí kì í fara hàn: carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí èédú tó ń jó àti jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ má ṣe gbé èédú tó ń jó wọ yàrá tí ènìyàn ń sùn, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sẹ́bàá fèrèsé.

Ẹni tó bá rò pé ìbéèrè mi nípa ògiri tó ń rin jẹ́ àṣejù, kí ó gbọ́ nípa Awaab Ishak. Ọmọ ọdún méjì ni, ní ìlú Rochdale ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní 2022, ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé ohun tó ń hù lára ògiri ilé wọn nítorí ọ̀rinrin, tí ó ń mí símú fún ìgbà pípẹ́, ló fa àìsàn tó pa á. Láti 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń fẹjọ́ ògiri náà sùn. Wọ́n ti ṣe òfin kan lórúkọ ọmọ yìí báyìí. N kò fẹ́ kí a máa fi orúkọ ọmọ wa kankan pe òfin.

Ohun tó ń múnú mi dùn ni Ẹgbẹ́ Afẹ́fẹ́ Mímọ́ tí mo dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ lọ́dún tó kọjá. Ẹ bá mi yìn wọ́n! Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tó ń wọn carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a ń mí sóde, láti kíláàsì dé kíláàsì, wọ́n ń kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé, wọ́n sì ń yà á sára pátákó. Nínú afẹ́fẹ́ ìta, carbon dioxide máa ń wà ní nǹkan bí 420 nínú mílíọ̀nù kan. Bí ó bá ti kọjá 1000 nínú yàrá, ó túmọ̀ sí pé èémí tí ẹlòmíràn ti mí sóde la tún ń mí. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń ṣàlàyé èyí fún mi ní ọ́fíìsì mi, tí wọ́n sì ní kí n dìde lọ ṣí fèrèsé. Mo dìde. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí wá wo pátákó wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá wá gba èsì.

N kò ní yí àṣẹ fèrèsé padà, n kò sì ní gba ìwé ìbéèrè náà padà. Nọ́ọ̀sì wa nìkan ló ń kà á, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ló sì wà. Ẹ dá a padà kí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sáà tuntun tó parí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ásímà, kó fi inhaler kejì ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì, kó kọ orúkọ ọmọ sí i.

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ìsinmi.

Tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́