Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, láti Kàbà

Àdùkẹ́ mi,

Ọ̀kun o! Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Nígbà tó o pè mí lọ́jọ́sí, tí mo ní mò ń gé aṣọ oníbàárà lọ́wọ́, irọ́ ni mo pa. Ọmọ Ìyá Oníyán ló jókòó tì mí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni mo fẹ́ bá ẹ sọ.

O rántí rẹ̀, èyí tó máa ń gbé omi ìṣanwọ́ wá, tí ìwọ ń pè ní Tíṣà. Ìyá rẹ̀ ti kú, oṣù keje rèé. A sin wọ́n tán, kò pẹ́ tí onílé fi ti yàrá wọn pa nítorí owó ilé tí wọ́n jẹ. Ti ẹrù kọ́ ló dùn mí. Ìwé ìbí ọmọ náà wà níbẹ̀, lẹ́tà ọmọ ìlú wà níbẹ̀, fọ́tò kan ṣoṣo tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ yà náà wà níbẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kó máa bá mi gbálẹ̀ láàárọ̀, mo sì ń yin ara mi pé mo rí ọmọ tó ń tètè jí. Àṣé kò relé kankan! Abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ló ń sùn. Òórùn kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ń wá lára léèsì àwọn oníbàárà, ọmọṣẹ́ mi ni mo ń bú sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo mọ òótọ́, ó ní kí n fowó bẹ òun. Mo ní kí Tíṣà wá sílé mi, àwa mẹ́fà nínú yàrá méjì. Ó sùn lọ́jọ́ mẹ́ta, ó padà sábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ dákẹ́, òun lè kàwé.

Ó sì kà á lóòótọ́, pẹ̀lú iná sólà kékeré tó o fi ránṣẹ́. Ó gba 251 nínú JAMB. Lókọ́ja ni wọ́n ní kó ti wá ṣe é, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Kò lẹ́nìkan níbẹ̀, ló bá lọ lálẹ́ àná rẹ̀, ó jókòó sí gáréèjì mọ́jú, ó ń fi iná ẹni tó ń se indomie tà kàwé.

Wọ́n ti gbà á báyìí, ní Ìlọrin. Àkáǹtì ló fẹ́ ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún un láti san owó acceptance, mo sì kó èésú mi lé e. Ti owó ilé-ìwé, NELFUND, owó tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ ní 2024, máa ń san án tààrà fún ilé-ìwé, wọ́n sì tún ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣù. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ìlú tán, tó bá ríṣẹ́, kó tó máa dá a padà. Ó dára. Ṣùgbọ́n BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fúnni, ni wọ́n ń béèrè, báńkì tó sì yẹ kó ṣe é fún un ní kó mú bíìlì iná ilé tó ń gbé wá. Ọmọ náà yíjú sí mi: "Àǹtí, ṣé tábìlì yẹn ní bíìlì?" Mo rẹ́rìn-ín títí, kí n tó mọ̀, omi ti bọ́ lójú mi níwájú gbogbo èrò báńkì. Bíìlì ṣọ́ọ̀bù la padà lò.

Kí n má gbàgbé: ọ̀gá kwáyà ti gbé ìyàwó tuntun, olóhùn òkè yẹn náà ni, o mọ̀ ọ́n, iṣu ti gbówó lórí, orúnkún Màámi ti ń sàn, wọ́n ń kí ẹ.

Má bi mí ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ lérí tó báyìí. O mọ ìwé tó wà nísàlẹ̀ àpótí Màámi. Ìwọ lo bá mi kà á níwájú pósí ọ́fíìsì. Ìwọ nìkan lo wọkọ̀.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Ibùsùn họ́sítẹ̀lì ò kárí, 20,000 ò sì lè gba yàrá níta: owó ọdún kan gbáko ni wọ́n ń gbà, wọ́n á tún ka ti ejẹ́ńtì lé e. Àdùkẹ́, yàrá ẹ̀yìn ilé Bàbá ní Ìlọrin ńkọ́? Ilé tí wọ́n kọ́ nígbà tí wọ́n wà ní sẹkitéríàtì, kí wọ́n tó yọ wá kúrò lára Kwárà ní 1991. Àpótí rẹ àti kẹ̀kẹ́ tó ti dógùn-ún yẹn náà ló ń gbé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé náà ò tíì tán láàárín ìwọ àti Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní kó o bá wọn jà. Bá mi rọra bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ní kó san nǹkan, kí wọ́n dárúkọ iye, mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ kejì tí mo lè tà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n wọlé. Kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí ẹ. Lánàá ni mo gbọ́ tó ń fi fóònù ọmọṣẹ́ mi bi ẹnì kan tó wà nílé-ìwé náà pé kíláàsì wo ni wọn kì í tì lálẹ́.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ